Aago Tí Kò Ní Oníṣẹ́

Nínú mọ́tò, ohun tó bá bàjẹ́ máa ń fúnra rẹ̀ pariwo. Bíréèkì tó ti jẹ tán á máa han, táyà tó ń jò á ti pẹlẹbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ́ńjìnnì tó gbóná jù á tú èéfín síni lójú lórí afárá, níbi tí kò ti sí àyè láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aago nìkan ni kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tó bá wù ú ni yóò dákẹ́ sí, ọkọ̀ á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa wo inú mọ́tò àtijọ́ púpọ̀ nígboro Ìbàdàn kó tó rí ẹyọ kan tí aago ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì ń sọ òótọ́.

Tèmi dákẹ́ sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ti ọ̀sán ni tàbí ti òru, Ọlọ́run ló yé. Benz 200 ni, irú èyí tí àwọn ará Jámánì tó ṣe é ń pè ní W123. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìparí 1975, wọn ò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di 1986, nígbà tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Ọdún 1983 ni tèmi jáde. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti rà á, mo sì bi bàbá náà léèrè ìgbà tí aago kú. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun ò rántí pé òun rí i kó ṣiṣẹ́ rí.

Bí aago ọkọ̀ mìíràn bá kú, èèyàn lè gbójú fò ó, nítorí igun kan ni wọ́n sábà máa ń há a mọ́. Ti Benz yìí kò ṣe é gbójú fò. Àwo róbótó mẹ́ta ló jókòó ti ara wọn lẹ́yìn sítíárìn: ti apá òsì ń sọ ti epo, ti ooru omi àti ti ọ́ìlì, ti àárín ni sípídómítà, gbogbo ti apá ọ̀tún, aago ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta ibi tí ojú awakọ̀ ń lọ ni wọ́n fi jì í. Nítorí náà, bí mo bá ti ń wakọ̀, méjì ń sọ òótọ́ fún mi, ìkẹta wọn ń purọ́, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń wò mí. Fóònù wà lápò mi, mo mọ ohun tí aago wí. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré tó wà níwájú ẹni lójoojúmọ́ a máa dà mí láàmú ju ńlá tó wà lókèèrè lọ.

Mẹ́káníìkì mi, ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì Benz palẹ̀ kó sì tò ó padà láì wo ìwé kankan, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́.

"Dádì, ṣé aago ló ń wa mọ́tò ni?"

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Kò fi mí ṣẹ̀sín o. Ìbéèrè gidi ló bi mí. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà méjì ni mọ́tò pín sí: ohun tó ń mú un rìn, àti ohun tí kò sí nínú ìrìn rẹ̀. Ẹ̀kejì yìí kò sí nínú iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní iná ni aago ń lò, kí n lọ bá rẹ́wáyà.

Rẹ́wáyà gbé tẹ́sítà rẹ̀ sídìí fúúsì, ó kàn án níhìn-ín, ó kàn án lọ́hùn-ún, ó sì ní ẹnì kan ti gé wáyà aago náà tipẹ́tipẹ́. Ẹni náà fi téèpù dúdú dì í, ó sì ká a mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Rẹ́wáyà mọ ìdí tí wọ́n fi gé e pẹ̀lú. Bí bátìrì bá ń kú mọ́jú, aago ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí, nítorí òun ni kì í pa nígbà tí èèyàn bá yọ kọ́kọ́rọ́. Bí nǹkan ṣe ń sọnù nínú ilé náà ni, tó jẹ́ ẹrù ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú.

Mo jókòó ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà. Aago oníkúọ́tìsì inú ọkọ̀ kì í mu ju mílíámpù mélòó kan lọ. Ká tiẹ̀ sọ pé 5 ló ń mu: bátìrì 60 Ah tó kún dáadáa á bọ́ ọ fún wákàtí 12,000, ìyẹn sì ju ọdún kan lọ. Bátìrì náà fúnra rẹ̀ á ti tú iná dànù kó tó dìgbà yẹn. Ẹni tó ń jí iná lóru sábà máa ń jẹ́ dáyóòdù inú alternator tó ti jó, tàbí gílóòbù búùtù tí kò kú nígbà tí wọ́n dé e, tàbí rédíò tí wọ́n so mọ́ wáyà tí kò yẹ. Àmọ́ ó ń gba àkókò kéèyàn tó rí àwọn wọ̀nyẹn. Aago wà níta gbangba, ojú gbogbo ayé ló wà.

"Mo lè bá yín so wáyà ẹ̀ padà," ni rẹ́wáyà wí. Ó sì so ó. Aago kò mira. "Inú ẹ̀ ló ti bàjẹ́ nìyẹn, sà. Èmi ò kí ń wọnú aago."

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọnú rẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń yọ ọ́, mo sì fẹ́ sọ ti yíyọ yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gbádùn ara mi jù. Àwọn tó ṣe W123 kò fi síkúrù de àpótí àwọn mítà mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Rọ́bà kan ló yí i ká, òun ló fún un mọ́ inú ihò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á wá síkúrù títí, á wá ki tẹ́sítà bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa fi hú u, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dá àpá sí dáṣíbọ́ọ̀dù lára. Tèmi ní àpá náà lápá òsì, ẹni tó dá a sí i kò sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni kéèyàn wá irin líle tín-ín-rín méjì, kó tẹ orí wọn kọdọrọ bí ìkọ́, kó tì wọ́n bọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láàrin rọ́bà àti ike, kó wá yí wọn kí wọ́n fi há ẹ̀yìn àpótí náà. Rẹ́wáyà lo irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere tó ti kán. Ó yọ orí bátìrì, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á: ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo ti rí ọkùnrin yìí tó ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń tú irun ọmọ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ewu wà. Okùn sípídómítà, tó ti ìdí gíáàbọ́ọ̀sì gùn wá, kì í fẹ́ kí àpótí náà jáde tán. Èèyàn á ti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á máa fi ìka wá ibi tí kò rí, títí yóò fi tú u. Èkejì ló yà mí lẹ́nu. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ń gbà wá sí ẹ̀yìn mítà. Mo ti ń wo mítà ọ́ìlì yẹn láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀, mo rò pé wáyà ló ń jíṣẹ́ fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ́ìlì ló ń rin ìrìn àjò láti inú ẹ́ńjìnnì wá sí iwájú orúnkún mi, tó ń wá fẹnu ara rẹ̀ sọ bí agbára òun ṣe tó. Bí wọ́n bá tú ọ̀pá yìí láì fi àkísà sábẹ́, kápẹ́ẹ̀tì á gbà nínú rẹ̀, ṣòkòtò á gbà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àpótí náà jáde, eruku ọyẹ́ tó ti ń kó jọ láti ayé Ṣàgàrí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú aáyán gbígbẹ kan. Síkúrù mélòó kan, aago sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo gbé e lọ bá àgbà kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Dùgbẹ̀. Bàbá náà fi awò rẹ̀ há ojú, ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó wò ó fínnífínní, ó sì yọ awò.

"Eléyìí ò ní sípíríǹgì. Bọ́ọ̀dù rédíò ló wà nínú ẹ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn oní-rédíò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún mi, ṣé aago ọkọ̀ kan ò ní sípíríǹgì rí ni? Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni tòun. Nínú wọn, sípíríǹgì kékeré kan ló ń wa aago, ìṣẹ́jú kan sí méjì ni agbára rẹ̀ sì ń tó. Bó bá ti ń tú tán, irin méjì á fara kan ara wọn, iná á kọjá, mágínẹ́ẹ̀tì á ta sípíríǹgì náà padà, tọ́ọ̀! yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, lóru, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ká ara rẹ̀. Ohun tó ń pa wọ́n ni ojú irin méjèèjì tó ń jó díẹ̀díẹ̀. Bí bátìrì bá sì ti rọ, mágínẹ́ẹ̀tì ò ní lágbára láti ta, àwọn irin náà á dì mọ́ra, iná á máa kọjá títí wáyà inú rẹ̀ á fi jó. Bàbá ní bébà tóun fi ń nu irin náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Aago tí yóò fi nù ni kò wá mọ́.

Àwọn aago ìgbà yẹn máa ń dún. Ní 1958, David Ogilvy kọ ìpolówó kan fún Rolls-Royce tí àwọn oníṣòwò ṣì ń fi kọ́ ọmọ títí dòní: ó ní bí ọkọ̀ náà bá ń sáré ọgọ́ta máìlì ní wákàtí kan, ariwo tó ga jù nínú rẹ̀ ni ti aago. Ogilvy kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà pé, nígbà tí ẹnjiníà àgbà ilé iṣẹ́ ọ̀hún ka ìpolówó yìí, ó mi orí, ó ní ó ti tó àkókò kí àwọn wá nǹkan ṣe sí aago yẹn. Mo fẹ́ràn ẹnjiníà náà ju ìpolówó lọ.

Oní-rédíò tí mo bá ní Mọ́kọ́lá kò dàgbà púpọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí lọ, àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti tú ẹ̀yìn wọn dé òrùlé. Ó gba aago náà, ó yí i wò, ó dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má bínú, sà. Aago kọ́ ni mo kọ́."

Mo dúró síbẹ̀, mo sì rí i pé kò sí ẹni tó purọ́ fún mi nínú gbogbo wọn. Mẹ́káníìkì ní iná ni, òótọ́ ni. Rẹ́wáyà ní inú aago ni, òótọ́ ni. Aláago ní rédíò ni, oní-rédíò ní aago ni. Ààlà iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa hàn ju ààlà ilẹ̀ lọ. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ á gbálẹ̀ ìsọ̀ kó tó di ohun èlò mú, títí di ọjọ́ firídọ́ọ̀mù, tí wọ́n á ta ìbòòji, tí ìrẹsì á jinná, tí ọ̀gá á gbé ohun èlò lé e lọ́wọ́, tí yóò sì gbàdúrà fún un. Ohun tó kọ́ ni àdúrà náà bo. Panẹlibítà kì í fọwọ́ kan alternator, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ṣe kì í fọwọ́ kan bíréèkì. Àwọn kan máa ń fi èyí bú wa, pé a kì í gbìyànjú ohun tí a ò kọ́. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ààlà yìí ló ń jẹ́ ká mọ ilẹ̀kùn ẹni tí a ó kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago ọkọ̀ wọ ìlú, inú ọkọ̀ ló bá wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó gba ọmọ kankan sí ìdí rẹ̀. Kò sí firídọ́ọ̀mù aago ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni jẹ ìrẹsì rẹ̀ rí. Ó wà láàrin oko mẹ́rin, kò sí nínú ọ̀kankan.

Mo wá sọ fún oní-rédíò pé kó má tún aago ṣe o. Kó kàn bá mi wo bọ́ọ̀dù yẹn bó ṣe máa wo ti rédíò.

Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní. Ó fa iná sún mọ́ ara rẹ̀. Kò pẹ́ kankan, ó fi orí tẹ́sítà kan nǹkan róbótó kékeré kan: "Kàpásítọ̀ yìí ti gbẹ."

Bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Òkúta kúọ́tìsì kékeré kan wà nínú rẹ̀, tó máa ń gbọ̀n bí iná bá kàn án. Àwọn ọmọ ìyá méjì ará Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló kọ́kọ́ fi ìbátan tó wà láàrin irú òkúta bẹ́ẹ̀ àti iná hàn ní 1880. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi sí aago ọkọ̀ láyé tí wọ́n ṣe Benz mi máa ń gbọ̀n ní ìgbà 4,194,304 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in sí méjì, kẹ́ ẹ tún pín èyí tó kù sí méjì, kẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlélógún, ẹyọ kan péré ló máa kù: ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkúta yẹn kì í tètè bàjẹ́. Kàpásítọ̀ tó ń tu iná lójú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Bébà tín-ín-rín tí wọ́n rẹ sínú omi kan ni wọ́n ká mọ́ àárín alumínọ́ọ̀mù nínú rẹ̀. Bí omi náà bá ti gbẹ, iṣẹ́ tán, ooru ló sì ń gbẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fojú bù ú pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á já sí ìdajì. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ìta láìsí ìbòòji lóṣù kẹta ọdún, tí ooru ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè kọjá 70°C.

Aago náà kì í sì í sinmi. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjì lóòjọ́ ń sùn fún méjìlélógún. Ẹ́ńjìnnì ń sùn, iná iwájú ń sùn, fèrè ń sùn. Aago kò sùn. Ohun tí mẹ́káníìkì mi ní kì í wa mọ́tò yìí ló ṣe wákàtí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó wà lára mọ́tò náà, kó tó di pé wọ́n gé wáyà rẹ̀ pé ó ń jalè. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti kú nígbà tí wọ́n dá a lẹ́jọ́.

Oní-rédíò fẹ́ tú kàpásítọ̀ lára bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lo tuntun, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, kì í ṣe 85°C. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó jó lẹ́ẹ̀dì, ó fa ti àtijọ́ yọ, ó wo ẹ̀gbẹ́ tuntun kó lè mọ ìhà tí ìlà nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ wà, nítorí bí wọ́n bá gbé e kọdí, bíbú ló máa bú. Ó fi iná bátìrì sí i. Ó gbé e sétí, ó na ìka sí mi pé kí n dákẹ́, nígbà tí mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pá ìṣẹ́jú kúrò lórí mẹ́tàdínlógún.

Iye tó gbà kò tó owó epo tí mo fi wá a kiri. Rẹ́wáyà dá àpótí náà padà sí àyè rẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe sí i, mo ṣàlàyé, ó ní "kàpásítọ̀ lásán-làsàn?" bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ní oṣù kìíní 2022, aago àwọn Honda kan tí sátẹ́láìtì ń bá ka àkókò ṣàdédé padà sí ọdún 2002, lẹ́ẹ̀kan náà, káàkiri ayé. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ́, kò sí ohun tí lẹ́ẹ̀dì lè ṣe sí i. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ́tò gbà ni pé kí wọ́n ní sùúrù di oṣù kẹjọ, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Aago ìyẹn ní oníṣẹ́, àmọ́ ibi tí oníṣẹ́ rẹ̀ wà, èèyàn ò lè bá a dúnàá-dúrà.

Mo tún kọjá lọ́dọ̀ oní-rédíò láìpẹ́ yìí, nítorí rédíò ìyàwó mi. Ọkùnrin kan jókòó tì í, ó gbé aago Peugeot 504 sórí itan nínú lailọ́ọ̀nù. Mẹ́káníìkì mi ló júwe ibẹ̀ fún un: ó ní kó lọ bá "oní-aago-ọkọ̀" ní Mọ́kọ́lá. Mo dúró gbọ́ iye tí wọ́n pè é. Ìlọ́po mẹ́ta tèmi ni. Nígbà tí ọkùnrin náà sanwó àsansílẹ̀ tó sì lọ, mo ní kí ló dé, ṣé kàpásítọ̀ náà ti wọ́n sí i ni?

"Rárá, sà," ó ní, ó sì ti ń ṣí ẹ̀yìn aago náà. "Tiyín, mo fi ń kọ́ṣẹ́ ni. Tiẹ̀, iṣẹ́ ni."